Iyọ̀ Tó Ń Gbé Inú Ara Wa: Láti Ọ̀nà Àjàpá Dé Inú Ẹ̀rọ Òòfà

  

Ìtàn iyọ̀ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló wà nínú iyọ̀ tí a fi ń pìtàn. Ọmọ tuntun tí a bá ń sọ lórúkọ, iyọ̀ wà lára ohun tí a ó fi kàn án lẹ́nu, a ó sì ní kí ayé rẹ̀ dùn bí iyọ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn bá di àgbàlagbà, tó lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ó ń ru, ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún un ni pé kó dín iyọ̀ kù. Iyọ̀ tí a fi kí i káàbọ̀ sáyé náà ni wọ́n wá ń kìlọ̀ rẹ̀ fún un.

Ibo gan-an ni iyọ̀ tí à ń jẹ ń lọ? Ṣé a máa ń tọ̀ ọ́ jáde tán ni, àbí ó máa ń sápamọ́ síbì kan? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe ni àwọn onímọ̀ ń méfò. Wọ́n sì fi àwa èèyàn dúdú pa oríṣiríṣi ìtàn lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí iyọ̀ nínú ara alààyè. Lónìí ẹ̀rọ kan wà tó ń fi í hàn. Ìtàn bí a ṣe dé ibẹ̀ la fẹ́ sọ, nítorí apá kan nínú rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá.

Ọ̀nà tí iyọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Àwa kò sí létí òkun. Láti Sokodé dé Lomé tó nǹkan bíi kìlómítà 340. Síbẹ̀ àwọn baba ńlá wa kò jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. Èyí ni pé àwọn kan ru iyọ̀ wá bá wọn.

Iyọ̀ kan ti gúúsù wá. Ní ọ̀sà Keta àti ní Ada, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi ọ̀sà fà, iyọ̀ a dì sílẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa kó o. Ní agbègbè Grand-Popo, wọ́n máa ń se omi iyọ̀ lórí iná títí iyọ̀ yóò fi kù sísàlẹ̀ ìkòkò. Iyọ̀ etíkun yìí ń gba odò Volta lọ sókè títí dé ọjà Salaga, ó sì ń ti ibẹ̀ tàn káàkiri.

Iyọ̀ mìíràn ti àríwá wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ibi bíi Bilma tó wà ní orílẹ̀-èdè Niger lónìí. Àwọn oníṣòwò Hausa tí ń wá obì gooro lọ sí Salaga ló ń kó ẹrù àríwá bọ̀. Ọ̀nà wọn gba ilẹ̀ Ìbàrìbá, ó gba Djougou, ó sì gba agbègbè tiwa, Tchamba àti ìtòsí Sokodé, kọjá. Ibi tí èrò bá sùn ni ọjà ti ń hù. Ẹni tó bá mọ ìlú wa dáadáa mọ̀ pé àwọn àdúgbò kan ṣì wà tí àwọn ìdílé tó ti ọ̀nà àjàpá wá tẹ̀dó sí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó wá fa ìlà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1897, àwọn Jámánì àti àwọn Faransé tọwọ́ bọ ìwé ní Paris lórí ibi tí Togo àti Dahomey yóò ti pààlà. Kambolé bọ́ sí ọwọ́ Jámánì, Manigri bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Èdè kan náà ni à ń sọ. Kódà àwọn onímọ̀ èdè ṣì máa ń so orúkọ ìlú méjèèjì pọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ èdè wa. Ìgbá iyọ̀ tó ń ti ilé ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé àbúrò wá di ẹrù tó ń kọjá ibodè.

Káún, àti lẹ́tà méjì inú ìwé sáyẹ́ǹsì

Iyọ̀ nìkan kọ́ ni àwọn Hausa ń rù. Wọ́n ń ru káún pẹ̀lú, láti agbègbè adágún Chad. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kò nílò kí a ṣàlàyé káún fún yín. Òun ni à ń jù sínú ilá kó lè yọ̀ dáadáa, òun la sì ń fi sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní kanwa.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Íjíbítì ní ohun tó jẹ́ ọmọ ìyá káún. Wọ́n fi ń gbẹ òkú àwọn ọba wọn kó má baà jẹrà. Orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ wọn tàn kálẹ̀ ni natron. Nígbà tó di ọdún 1807, Humphry Davy ní ìlú London lo iná mànàmáná láti yọ irin rírọ̀ kan jáde nínú sódà. Ó pe irin náà ní sódíọ̀mù. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn ní Yúróòpù mú orúkọ tiwọn láti ara natron, wọ́n pè é ní natrium. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Na ni àmì rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì títí dòní. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní lycée ní Tchamba àti Sokodé, bí ẹ bá ti ń kọ Na sínú ìwé yín, ẹ rántí pé orúkọ ẹbí káún ni ẹ̀ ń kọ.

Iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ sódíọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ kiloríìnì. Káún jẹ́ sódíọ̀mù tó bá nǹkan mìíràn rìn. Bí wọ́n bá wọ inú ara, sódíọ̀mù náà ni ara ń rí.

Káún yìí ló mú ọ̀rọ̀ dé ilé ìwòsàn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1970, ní Zaria ní àríwá Nàìjíríà, àwọn dókítà kan, Davidson àti Parry, kíyè sí i pé àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń wá sí ọsibítù pẹ̀lú ara wíwú àti ọkàn tí kò lè fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ìyá ọmọ máa fi omi gbígbóná wẹ̀, kó máa sùn lórí ibùsùn tí wọ́n dáná sí lábẹ́, kó sì máa mu kunu tí wọ́n fi káún sí lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn dókítà náà sọ pé ooru àti sódíọ̀mù inú káún ń da ẹrù bo ọkàn. Àwọn oníwádìí tó dé lẹ́yìn wọn jiyàn sí i, wọ́n ní a kò lè di ẹ̀bi náà ru káún. Iyàn yẹn kò tíì tán bọ̀rọ̀. Ohun tó hàn ni pé gbogbo wọn rí káún kó tó wọ ẹnu, wọ́n sì rí ara tó wú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ìtàn tí wọ́n pa mọ́ wa

Ibi tí kò bá ti sí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni àròsọ ti ń rí àyè. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá àwọn èèyàn dúdú jà ju àwọn funfun lọ. Ní ọdún 1991, àwọn oníwádìí méjì, Wilson àti Grim, gbé àlàyé kan jáde. Wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ẹrú ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jẹ́ ilẹ̀ tí iyọ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ní nínú ọkọ̀ ojú omi, òógùn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fa iyọ̀ tán lára àwọn ẹrú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá lè di iyọ̀ mú kú, ẹni tí ara rẹ̀ ń di iyọ̀ mú yè é, ó sì bí ọmọ. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi ń ṣe àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ní jàǹbá.

Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ó sì tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1992, Philip Curtin, òpìtàn tó lo ìgbà ayé rẹ̀ lórí òwò ẹrú àti ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa, dá wọn lóhùn. Ó ní àkọsílẹ̀ kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń ṣe iyọ̀ létíkun, wọ́n ń kó iyọ̀ bọ̀ láti aṣálẹ̀, òwò iyọ̀ kò sì dá dúró. Àwa tí a wà lójú ọ̀nà àjàpá yẹn lè jẹ́rìí sí i. Tí iyọ̀ bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni, kí ni àwọn èrò Salaga ń gbé kọjá Tchamba?

Ìdáhùn kejì ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Àwọn oníwádìí kan kóra jọ, Richard Cooper ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi Charles Rotimi àti Babatunde Osotimehin, ẹni tó wá di mínísítà ìlera ní Nàìjíríà nígbà tó yá. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí orísun wọn jẹ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìgbèríko Ìgbò-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, Saint Lucia, Barbados, àti Maywood nítòsí Chicago. Èèyàn tó lé ní 10,000 ni wọ́n wọ̀n. Ní ọdún 1997 wọ́n gbé èsì jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru kan èèyàn 16 nínú 100 ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, àti 33 ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, orísun kan náà ni. Bí a ṣe ń kúrò ní oko ìgbèríko tí a ń sún mọ́ ayé ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni iye náà ń ga. Oúnjẹ, sísanra, ìjókòó àti wàhálà ọkàn wà níbẹ̀. A kò lè di gbogbo rẹ̀ ru àjogúnbá. Àwa náà ń rí i nílé lónìí: bàbá tó ń ro oko iṣu ní Kambolé kò jẹun bí ọmọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ní Lomé, tó sì ń fi búrẹ́dì àti ìndómì tó ní iyọ̀ púpọ̀ panu lójú títì.

Síbẹ̀ ìbéèrè kan ṣì kù. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ? Ìtọ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á ní kí ẹni náà gba gbogbo ìtọ̀ ọjọ́ kan àti òru rẹ̀ sínú ike, wọ́n á wọn iyọ̀ inú rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní INTERSALT, tó jáde ní ọdún 1988, ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn 10,079 ní ibùdó 52 káàkiri ayé. Èrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé iyọ̀ tó wọlé lónìí yóò jáde lónìí tàbí lọ́la, kò ní gbé inú ara. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn iyọ̀

Ẹ̀rọ tí àwọn ará Lomé ń pè ní IRM, tí àwọn ará Èkó ń pè ní MRI, òòfà ńlá ni. Ní ọdún 1946, Felix Bloch àti Edward Purcell, oníkálukú níbi iṣẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá gbé nǹkan sáàárín òòfà, tí a sì fi ìgbì rédíò kàn án, kókó inú àwọn átọ̀mù rẹ̀ yóò dá ìgbì padà. Oríṣi átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀ lórí rédíò, bí ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ṣe ní tirẹ̀. Ní ọdún 1973, Paul Lauterbur ní ìpínlẹ̀ New York fi ọ̀nà tí a lè gbà sọ ìgbì yìí di àwòrán hàn. Peter Mansfield ní Nottingham, ní Gẹ̀ẹ́sì, tún un ṣe títí ó fi yá kánkán. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003.

Ohun tí ẹ̀rọ inú ọsibítù ń gbọ́ ni ohùn háídírójìn, èyí tó pọ̀ nínú omi àti ọ̀rá. Nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú ara wa, ohùn yẹn dún ketekete. Sódíọ̀mù náà ní ohùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré sí ti omi ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kíá ló sì ń pòórá. Ibi tó wà lórí rédíò yàtọ̀ pẹ̀lú. Nínú òòfà tó jẹ́ 3 tesla, háídírójìn ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bíi 128 megahertz, sódíọ̀mù ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bíi 34. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní láti ní eriali tirẹ̀ lọ́tọ̀, òòfà tó lágbára, àti sùúrù.

Kí ló mú kí wọ́n ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé sódíọ̀mù máa ń sọ fún wa bóyá sẹ́ẹ̀lì ara ṣì wà láàyè. Ní ọdún 1957, Jens Christian Skou, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan ẹsẹ̀ akàn, ibẹ̀ ló ti rí ohun tó dà bí pọ́ǹpù lára sẹ́ẹ̀lì. Pọ́ǹpù yìí ń ju sódíọ̀mù mẹ́ta síta, ó ń fa potásíọ̀mù méjì wọlé, láìsinmi, tọ̀sán tòru. Ìdí nìyẹn tí sódíọ̀mù ìta sẹ́ẹ̀lì fi pọ̀ ju ti inú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú, pọ́ǹpù á dákẹ́, sódíọ̀mù á sì rọ́ wọlé bí omi tó wọ ọkọ̀ tó lu. Skou dúró títí di 1997 kó tó gba Nobel tirẹ̀.

Ní ọdún 1981, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà ya àwòrán sódíọ̀mù inú ọkàn eku kan tí wọ́n yọ síta tó ṣì ń lù. Ní ọdún 1983, Sadek Hilal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Columbia fi àwòrán sódíọ̀mù inú ọpọlọ ológbò hàn, kí rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú àti lẹ́yìn náà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́, sódíọ̀mù ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé orí èèyàn. Àwọn kan ń fi wo ọpọlọ, àwọn mìíràn ń fi wo kèrékèré orúnkún tó ń jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aláìsàn rọpárọsẹ̀ láti abúlé lọ sí ìlú yóò mọ ìdí tí èyí fi kàn wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń béèrè ni pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Bí èèyàn bá sùn, tó sì jí pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nítorí pé sódíọ̀mù ń gòkè bí wákàtí ṣe ń lọ, àwọn oníwádìí ti ń wò ó bóyá ó lè dà bí aago tó ń sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Kò tíì di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ọsibítù. Ìwádìí ló ṣì jẹ́.

Iyọ̀ tó sá pamọ́ sábẹ́ awọ

Ìlú Erlangen ní Jámánì ni ìtàn náà ti gba ibòmíràn. Dókítà Jens Titze àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó ń dà wọ́n láàmú: ṣé lóòótọ́ ni iyọ̀ tó wọlé ń jáde tán?

Àyè ṣí sílẹ̀ fún wọn ní Moscow. Láti 2010 dé 2011, wọ́n ti ọkùnrin mẹ́fà mọ́ inú ilé kan fún ọjọ́ 520, bí ẹni pé wọ́n ń rìnrìn àjò lọ sí Mars. Àwọn Titze bá wọn ṣètò oúnjẹ, wọ́n mọ gíráàmù iyọ̀ tó ń wọ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n sì ń gba ìtọ̀ wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Iyọ̀ tó ń wọlé kò yí padà, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ń jáde ń lọ sókè sódò, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Sódíọ̀mù tó wà nínú ara ń pọ̀, ó ń dín, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó hàn pé ìtọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè sọ òtítọ́ nípa iyọ̀ tí èèyàn kan ń jẹ. Ara ní àká tó ń kó iyọ̀ sí.

Ibo ni àká náà wà? Ẹ̀rọ òòfà ló dáhùn. Wọ́n ní kí èèyàn na ẹsẹ̀ sínú ẹ̀rọ 3 tesla. Wọ́n to ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sábẹ́ ojúgun rẹ̀, omi iyọ̀ wà nínú wọn, ọ̀kan le ju èkejì lọ, wọ́n sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe le tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ẹran ara àti awọ wé ti ìgò, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń fi agolo wọn gàrí. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2013, wọ́n rí i pé sódíọ̀mù ń pọ̀ nínú ara bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, pàápàá lára ọkùnrin. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru tí oògùn kò kápá rẹ̀ ní sódíọ̀mù nínú ara ju àwọn tí tiwọn kò ru lọ. Iṣẹ́ mìíràn tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀ lè fa iyọ̀ jáde láti inú àká yìí. Ní 2017, wọ́n tún rí i lára àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín pé ẹni tí sódíọ̀mù bá pọ̀ lábẹ́ awọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdáhùn kò tíì pé. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí iyọ̀ yìí ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní méfò-méfò. A ti ń rí i.

Ẹ̀rọ náà jìnnà sílé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá rèé. Àwọn tí wọ́n fi orúkọ wa pa ìtàn iyọ̀ pọ̀, ibi tí ẹ̀rọ tó lè yanjú ẹjọ́ náà wà kò sún mọ́ wa. Ní 2018, Godwin Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé àkójọ jáde lórí ẹ̀rọ MRI ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rọ 84 ni wọ́n rí fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà nìkan. Òòfà èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lágbára. Irú òòfà bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ohùn omi, ṣùgbọ́n ohùn sódíọ̀mù ti kéré jù fún un.

A kò sọ èyí kí a lè káwọ́ lérí. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀. Udunna Anazodo, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ CAMERA sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ MRI. Ní 2022, ní yunifásítì Mbarara ní Uganda, Johnes Obungoloch àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ láti Netherlands to ẹ̀rọ MRI kékeré kan pọ̀ ní ọjọ́ 11. Agbára òòfà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.05 tesla, kò lè wo sódíọ̀mù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá mọ bí a ṣe ń to kékeré yóò mọ bí a ṣe ń tún ńlá ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ iye ẹ̀rọ ọsibítù tó ti kú sílẹ̀ káàkiri nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ohun tí à ń sọ ni pé bí ìwádìí bá ń lọ lórí iyọ̀ inú ara èèyàn, ó yẹ kí ara tiwa wà níbẹ̀, kí ọmọ tiwa sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ìgbò-Ọrà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Àwọn kan jókòó sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ wa jẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n ní ìgbèríko Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Kí ẹ̀rọ tó dé

A kò ní láti dúró de ẹ̀rọ kí a tó tọ́jú ara wa. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù iyọ̀ 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutí kan, pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú mágì, búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀ àti káún. Ní 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní abúlé 12 ní ilẹ̀ Ashanti, ní Ghana tó múlé gbè wá, jáde. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé láti má bu iyọ̀ sí oúnjẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi kí wọ́n tó sè é. Ibi tí wọ́n ti dín iyọ̀ kù jù, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn rọ̀ díẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá abúlé lè ṣe nídìí ààrò tiwọn ni, láìsí òòfà kankan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tí dókítà bá ti fún lóògùn, kó má fi í sílẹ̀ nítorí pé ara yá.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ka ìmọ̀ físíìsì, ẹ má bi í pé iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn átọ̀mù nínú òòfà, onímọ̀ físíìsì ni wọ́n.

Ní ìparí, a fẹ́ kí ẹ ràn wá lọ́wọ́. Orúkọ wo ni àwọn ìyá àgbà yín ń pe iyọ̀ tó ti àríwá wá, èwo sì ni wọ́n ń pe ti etíkun? Ta ló rántí ọjà tí wọ́n ti ń ra káún ní Tchamba tàbí ní Kambolé, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àti iye tí wọ́n ń tà á? Ẹ̀yin ará Manigri, ṣé orúkọ kan náà lẹ̀ ń pè é níbẹ̀? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè kí wọ́n tó lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀rọ òòfà lè sọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ara wa. Ọ̀nà tó gbà dé ẹnu wa, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́.

Ayé wa á dùn bí iyọ̀ o. Kò ní pọ̀ jù, kò sì ní tẹ́.